Ìdí-Igi Karùn-ún Tí Ọpọlọ Mi Gbàgbé

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún nílé ìwòsàn pé ara yín kò dá ínsúlínì lóhùn mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbàgbé nǹkan, tí ẹ ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jókòó tì mí, torí èmi náà fi ẹ̀rín bò ó títí ó fi di ìjà nínú ẹbí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ bíi dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa pẹ́ bí mo ṣe pẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé orí mi ṣì pé tó láti kọ ọ́ fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mi ló bá mi tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé, nínú agbo ilé bàbá àgbà mi. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo fi gbogbo ìgbà ọmọge mi ṣe, láyé ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè wá kí àwa tó fi wáyà so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà gbogbo àwọn tó máa ń pè wà lórí mi. Ọ̀gá wa kì í ṣí ìwé, èmi ló máa ń bi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú orí tí mo fi ń yangàn, kí ẹ sì mọ bí ìtìjú náà ti tó nígbà tí orí ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀.

Oorun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán báyìí, oorun á gbé mi lọ lórí àga, pẹ̀lú ọwọ́ tí mi ò tíì ṣan. Tí mo bá jí, ojú mi á dà bíi pé ẹnì kan fi aṣọ bò ó. Ikùn mi ń yọ síwájú, ẹsẹ̀ mi kò sì sanra. Lẹ́yìn náà ni ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ẹ̀yìn, ó nípọn, ó jọ ìdọ̀tí gan-an. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ ọrùn náà títí awọ fi bó. Mo tilẹ̀ bínú sí ọrùn mi pé ó fẹ́ sọ mí di ọ̀bùn lọ́jọ́ ogbó mi.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ó wà ní ètè mi, ṣùgbọ́n mi ò ní rí i pè. Mo ń pe Sàlímótù, àbíkẹ́yìn mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ní orúkọ àbúrò mi tó ti kú. Lọ́jọ́ kan mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Pópó Àgùdà. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo dé oríta kan tí mo ti ń gbà kọjá láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo dúró, mi ò sì mọ ibi tí ilé wà. Ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe pé ó rú mi lójú díẹ̀. Gbogbo ọ̀nà mẹ́rin náà ló ṣe àjèjì sí mi. Mo bi ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà pé ibo ni mo máa gbà dé Iga Ìdúńgànrán, ààfin Ọba Èkó, torí mo mọ̀ pé tí mo bá ti rí Iga, ẹsẹ̀ mi á mú mi délé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹnu ọmọ Èkó pọ́ńbélé lẹ fi ń sọ̀rọ̀, ẹ wá ń bi èmi ará Ìjẹ̀bú ní Iga."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní mò ń dán an wò ni. Ó na ọwọ́, mo tẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ fún yín nípa ilé wa. Bàbá àgbà mi fẹ́ ìyàwó márùn-ún. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ẹbí, a kì í ka orí ọmọ pín in ní orí-ò-jorí. Ìdí-igi la fi ń pín in. Gbogbo ọmọ ìyá kan jẹ́ ìdí-igi kan, wọn ì báà pọ̀, wọn ì báà kéré, ìpín kan ni tiwọn. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni wá, ìyàwó mẹ́rin sì ni ẹ̀sìn gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́nu kan nínú ẹbí fi ń sọ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé Ìyá Móríyámọ̀, ẹni tó ṣìkarùn-ún, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni nínú ilé, pé bàbá àgbà kò so yìgì pẹ̀lú ẹ̀, pé àwọn ọmọ ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan.

Irọ́ ni. Ìyàwó kejì ti kú kí bàbá àgbà tó so yìgì pẹ̀lú Ìyá Móríyámọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n máa ń wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà, kò fìgbà kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, ó dárúkọ àfáà tó so yìgì náà àti àwọn tó jẹ́rìí sí i. Gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ pẹ̀lú mi ti kú tán. Orí mi nìkan ni ìwé ẹ̀rí tó kù fún àwọn ọmọ Ìyá Móríyámọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹbí fi gbà pé èmi ni kí n máa pín ẹran Iléyá.

Ní Iléyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pa màlúù ẹbí nínú agbo ilé. Alápatà bi mí pé, "Alhájà, ọ̀nà mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó wò mí. "Alhájà, lọ́dún tó kọjá, ó jọ pé márùn-ún la pín in sí."

"Mo ní mẹ́rin. Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ó pín in sí mẹ́rin. Mo dìde, mo pe ìdí-igi Ìyá Àbẹ̀ní, olórí wọn wá gba tiwọn. Mo pe Ìyá Àlàkẹ́, mo pe Ìyá Sínótù, mo pe Ìyá Rábì tó jẹ́ ìyá bàbá tèmi. Mo bu omi, mo ṣan ọwọ́. Gbogbo agbo ilé dákẹ́, mo sì rò pé wọ́n ń dúró de àdúrà ni.

Wàhábì ló sọ̀rọ̀. Òun ni olórí àwọn ọmọ Ìyá Móríyámọ̀. Bàbá tirẹ̀ àti bàbá tèmi, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ló yàtọ̀. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mo máa ń mú un lọ sí ilé kéú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ìyàwó ẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú abọ́ táńganran òfìfo.

"Àǹtí Rísì, tiwa ńkọ́?"

Mo ní, "Tiyín wo?"

Mo fi Ọlọ́run búra, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ orúkọ ẹ̀, mo mọ ojú ẹ̀. Ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ni mi ò mọ̀.

"Ó ti yé mi. Ìyàwó mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ wá fi ọwọ́ ara yín gé wa kúrò lójú gbogbo ayé." Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀. "Gbé abọ́ ẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Ìgbà tí mo gòkè lọ tú gèlè mi ni ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lórí. Ó yẹ kí n sáré sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, kí n ní ẹ dákun, mo gbàgbé ni. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọkàn mi fún yín: ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní ìkà ju kí wọ́n pè mí ní arúgbó tó ti ń ṣarán. Ìkà, ẹ̀rù ẹ̀ ṣì ń bà wọ́n. Ẹni tó ń ṣarán, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lójú ẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà mo dákẹ́. Ọkùnrin kan láti ìdí-igi kejì tilẹ̀ wá bá mi nínú yàrá, ó ní mo ṣeun tí mo sọ òótọ́ tó yẹ kí wọ́n ti sọ tipẹ́. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ náà.

Wàhábì àti àwọn ènìyàn ẹ̀ kò yà lọ́dọ̀ wa mọ́. A bí ọmọ, wọn ò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ó sì túbọ̀ ń rẹ èmi náà. Àwọn tó kù nínú ẹbí rí i pé mo ń gbẹ lójú, mò ń sanra níkùn, mò ń sùn káàkiri, ni kálukú bá gbé ìtọ́jú dé. Sàlímótù ní okun ló tán nínú mi. Láràárọ̀ ló ń po gulukóòsì fún mi, ṣíbí mẹ́rin nínú ife kan. Àwọn tó wá kí mi ń gbé mọ́ọ̀tì àti oyin wá. Gàníyù, àbúrò mi ọkùnrin, gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ní àgbo ọpọlọ ni, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán bí ọmọ ọwọ́. Àfáà kan kọ hàntú fún mi, wọ́n fi omi fọ wàláà, wọ́n da oyin lé e, wọ́n ní kí n mu ún. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń fi adùn kún adùn nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún lẹ́yìn Iléyá, mo ṣí gáàsì, mo gbàgbé láti ṣáná sí i, mo lọ kírun. Sàlímótù wọlé ó gbóòórùn ẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣí fèrèsé gbogbo, ó jókòó lórí ilẹ̀, ó ní, "Màmá, ọ̀la la máa lọ sí ọsibítù. Ẹ má bá mi jiyàn, ẹ jọ̀ọ́."

Gàníyù kò fẹ́. "Sàlímótù, tí o bá ti mú un débẹ̀ báyìí, wọ́n á ní orí ẹ̀ ti dàrú. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì. Ta ló máa fẹ́ ọmọ ilé yìí?"

Sàlímótù ní, "Bọ̀dá Gàní, gáàsì yẹn ì bá ti pa gbogbo wa, a ò ní sí nílé fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ wa."

Òtítọ́ ni pé ohun tí Gàníyù sọ gan-an ló ń ba èmi náà lẹ́rù. Mo rò pé tí dókítà bá ti lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ó parí nìyẹn, orí mi ti lọ, àwọn ọmọ Ìyá Móríyámọ̀ sì ti pàdánù ẹ̀rí wọn. Mi ò sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo lọ.

A kúrò nílé lẹ́yìn ìrun asùbáà, a sì bá èrò tó ti kún ìta ilé ìwòsàn ìjọba náà. Káàdì lọ́tọ̀, wọ́n wọn ara mi lọ́tọ̀, nọ́ńbà lọ́tọ̀. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ le bí òkúta. Bàbá kan tó jókòó tì mí sọ pé ìgbà kẹta rèé tí òun máa wá kí ó tó kan òun, mo wá ń bi ara mi pé ṣé ọsibítù ni mo wá àbí ojú ogun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kò rọ̀ wá lápò, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó aṣọ tuntun tí Sàlímótù fẹ́ rán ló fi san án. Ẹ má jẹ́ kí èyí lé yín padà. Ẹ mú omi dání, ẹ mú ẹni tó lè bá yín rántí ọ̀rọ̀ dání, kí ẹ sì ní sùúrù.

Dókítà tó rí wa, ọmọdébìnrin ni, àmọ́ ojú ẹ̀ balẹ̀. Ó dárúkọ nǹkan márùn-ún fún mi, ó ní kí n máa rántí wọn, ó wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tó bi mí, méjì péré ni mo rí mú wá. Èmi Rísíkátù, tí mo ń gbé nọ́ńbà gbogbo Èkó sórí. Mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ó dúró dè mí títí mo fi nu ojú, ó wá wo ẹ̀yìn ọrùn mi.

"Màmá, ẹ máa ń fọ ibí yìí gan-an, àbí?"

"Mo ti fọ ọ́ bó."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, mà. Ara yín ló ń sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí Sàlímótù. "Kí ni wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀?"

Sàlímótù fi ìgbéraga dáhùn pé, "Mo máa ń fún wọn ní gulukóòsì, dókítà, ojoojúmọ́, mi ò pa á jẹ."

Dókítà rọra gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí èsì dé, ló tó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ínsúlínì ló máa ń kan ilẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè wọ inú ara, kí ara lè fi ṣiṣẹ́. Nínú ara tèmi, ínsúlínì ń kan ilẹ̀kùn, ara kò dáhùn. Mo ní kó dúró, pé iṣẹ́ mi ló ń sọ yẹn. Fóònù ń dún nínú ilé, wọn ò gbé e. Ẹni tó ń pè á tún pè, á tún pè, á pè títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wọlé á sì máa jókòó síta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní ṣúgà tó jókòó síta yẹn ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, títí kan àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọpọlọ. Ó ní ọpọlọ pàápàá ń lo ínsúlínì, pé tí kò bá dá a lóhùn mọ́, ebi lè máa pa á nígbà tí oúnjẹ kún inú ẹ̀jẹ̀.

Mo bi í bóyá orí mi ti lọ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn dókítà ṣì ń wádìí ọ̀rọ̀ ṣúgà àti ọpọlọ yìí. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ṣúgà ń fà, ìdí nìyẹn tí mo fi yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò. Ṣùgbọ́n tiyín kò tíì jìn. Tí ẹ bá gbọ́ràn, a lè dá a dúró, díẹ̀ nínú ohun tó sá lọ sì lè padà wá. Gbogbo ẹ̀ ni mi ò ṣèlérí."

Sàlímótù ń sunkún gulukóòsì. Mo ní kó dákẹ́, pé ìfẹ́ ló fi pò ó, kó má pò ó mọ́.

Dókítà wá bi mí pé ta ló ti ní àìsàn ṣúgà rí nínú ẹbí wa. Mo ní kò sí. Ó ní kí n rọra rò ó, ta ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ojú ta ló fọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí bàbá mi tó máa ń sùn lórí oúnjẹ, tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kó tó kú. Mo sì rántí bàbá Wàhábì, ẹni tí ojú ẹ̀ fọ́ díẹ̀díẹ̀, tí a máa ń di ọwọ́ ẹ̀ mú lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ bàbá kan náà. Láti ọdún gbọọrọ yẹn, mi ò so méjèèjì pọ̀ rí.

Dókítà ní, "Ó jọ pé nǹkan yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín láti òkè. Gbogbo ọmọ bàbá àgbà yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò, mà. Ẹ má fo ẹnì kankan."

Ẹ má fo ẹnì kankan. Ọmọ náà kò mọ ohun tó sọ sí mi létí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó kí n tó lè lọ sọ́dọ̀ Wàhábì. Ilé ẹ̀ kò ju ẹ̀yìn ilé wa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Ó dìde díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Alhájà." Kò pè mí ní Àǹtí Rísì. Ó dùn mí ju èébú lọ. Kò ní kí n jókòó, mo bá fúnra mi jókòó.

Mo ní, "Wàhábì, mi ò pín ẹran sí mẹ́rin láti bú ọ. Mo gbàgbé yín ni."

"Ẹ gbàgbé? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n pa adìyẹ nílé yìí?"

"Àìsàn ló ń ṣe mí. Ó ti mú mi lórí. Lọ́jọ́ yẹn ni ó yẹ kí n sọ, ìtìjú ni kò jẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì wá bẹ̀ ọ́."

Ó pa rédíò. Mo mú káàdì ọsibítù mi jáde, mo gbé e lé orí tábìlì níwájú ẹ̀.

"Dókítà bi mí nípa ẹbí mi. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti bàbá rẹ. Ó ní ibì kan náà ló ti wá, ara bàbá àgbà. Ó ní kí n sọ fún gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ wá."

Ó wo káàdì náà, ó wò mí. "Ẹ fi ẹran dù mí, ẹ wá gbé àìsàn wá."

"Ogún bàbá àgbà ni. Èyí ni mo wá pín dọ́gba."

Ó gbìyànjú láti máa bínú lọ, kò rí i ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Ìyàwó ẹ̀, tó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tipẹ́, ló wá ní, "Àǹtí, ẹ dákun ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀. Mo ti ní kó máa fọ ọ́ dáadáa."

Mo wò ó. Tèmi gẹ́lẹ́ ni.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe gbogbo ẹbí jọ lẹ́yìn ìrun. Mo sọ pé mo gbàgbé, mo sọ orúkọ àìsàn náà. Mo to àwọn ìyàwó márùn-ún bí bàbá àgbà ṣe fẹ́ wọn, mo sọ ìgbà tí ìkejì kú, mo dárúkọ àfáà tó so yìgì ìkarùn-ún àti àwọn tó jẹ́rìí. Sàlímótù gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí olórí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú yàrá ní kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, pé èmi fúnra mi ti jẹ́wọ́ pé mò ń gbàgbé. Wàhábì fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó. Mo ní kí ọkùnrin náà bi mí ní ohunkóhun nípa ìyá àgbà tirẹ̀, ká wò ó bóyá mo gbàgbé ìyẹn. Kò bi mí.

Ìtọ́jú náà kò rọrùn, kò sì le bí mo ṣe rò. Mò ń lo oògùn oníhóró tí wọ́n fún mi, mi ò sì dá a dúró fúnra mi rí. Àgbo Gàníyù dópin, ó bínú fún oṣù kan. Ẹ̀bà tèmi di bí ìkúùkù ọmọdé, ẹ̀fọ́ ló kún abọ́, ẹja tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀. Mọ́ọ̀tì tí àlejò bá gbé wá, mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń fún wọn mu níṣojú mi. Láràárọ̀ mo máa ń rìn láti ilé, mo máa kọjá níwájú Iga, mo máa dé Pópó Àgùdà kí oòrùn tó mú, mo sì máa ń dá padà wálé. Oṣù méjì àkọ́kọ́, Sàlímótù máa ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń ṣe bíi pé òun ń lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó ṣe, ó fi mí sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ti fúyẹ́, oorun ọ̀sán ti lọ, ọrùn mi ti ń mọ́ láìfi kànìnkànìn kàn án. Nígbà tí dókítà tún dárúkọ nǹkan márùn-ún fún mi, mo rí mẹ́rin mú wá. Ọ̀rọ̀ ṣì máa ń sá fún mi. Nígbà tí ó bá sá, mo máa ń sọ fún ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ pé ó ti sá, kó dúró dè mí. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tó ṣì kéré, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gulukóòsì tọ́jú àárẹ̀ tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò.

Wàhábì náà lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì bá a lára ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dá fún wa ní ilé ìwòsàn báyìí. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì tuntun kan ń kọ fáìlì ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ṣé ẹnì kankan ní irú àìsàn yìí nínú ẹbí yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, èyí tó jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Ṣé bàbá kan náà ló bí yín?"

"Rárá. Bàbá àgbà wa ló jẹ́ ọ̀kan."

Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà wa sínú fáìlì, ó sì ní kí Wàhábì fọwọ́ sí i.